Pádù ṣí lókè, pádù ṣí nísàlẹ̀: bí kánáàlì Middlewich ṣe já lọ́dún 2018

Láàárín ọjọ́ 15 sí ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2018, kánáàlì kan, ìyẹn odò tí ènìyàn gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, já nítòsí ìlú Middlewich ní ẹkùn Cheshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi inú rẹ̀ ya kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ́ lọ sínú odò Wheelock tó ń ṣàn nísàlẹ̀, ó sì gbé lára òkìtì ilẹ̀ tó ti ń gbé e dúró fún ọdún 185 dání. Nǹkan bí ọkọ̀ ojú omi 20 ló há sí àgbègbè náà. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọ̀nà náà tó ṣí padà, lẹ́yìn tí àtúnṣe ti jẹ nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́ta owó pọ́n-ùn.

Kò sí ilẹ̀kùn lọ́ọ̀kì, ìyẹn iyàrá omi tí ọkọ̀ fi ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀ lójú kánáàlì, tó fọ́ lọ́jọ́ náà, ògiri kankan kò sì wó nínú lọ́ọ̀kì. Ohun tí Canal & River Trust, àjọ tó ń bójú tó kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales láti ọdún 2012, sọ pé ó fà á ni pé pádù, ìyẹn ìdérí ihò tí omi ń gbà wọ lọ́ọ̀kì tàbí jáde, wà ní ṣíṣí lẹ́ẹ̀kan náà lókè àti nísàlẹ̀ lọ́ọ̀kì kan. Gbogbo ohun tó wà nínú lọ́ọ̀kì náà ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Ohun tí wọ́n ní kó ṣe ni kò dáa.

Ojú ọ̀nà náà

Ẹ̀ka Middlewich ti kánáàlì Shropshire Union ni à ń sọ. Ó gùn tó máìlì 10, ó bẹ̀rẹ̀ ní Barbridge, ó sì parí sí Middlewich níbi tó ti pàdé kánáàlì Trent and Mersey. Thomas Telford ló ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1833 ni wọ́n ṣí i fún ọkọ̀, ọdún kejì ni Telford kú.

Lọ́ọ̀kì mẹ́rin ló wà lójú ọ̀nà náà: Cholmondeston, Minshull, Stanthorne àti Wardle. Láti Barbridge ni omi ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí Middlewich. Ká sọ tòótọ́, lọ́ọ̀kì Wardle kì í ṣe ti ẹ̀ka yìí. Ẹsẹ̀ bàtà 154 tó gbẹ̀yìn jẹ́ kánáàlì ọ̀tọ̀ tí orúkọ tirẹ̀ ń jẹ́ Wardle Canal. Àwọn tó ni Trent and Mersey ló gbẹ́ ẹ, kó lè jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà wọn ni ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ omi wọn yóò gbà, kí wọ́n sì gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbodè ni wọ́n lóòótọ́, àgàgà lórí kánáàlì tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn tán kó tó parí gbólóhùn kan.

Láàárín Stanthorne àti Wardle ni ilẹ̀ ti já. Níbẹ̀, kánáàlì náà gba orí afárá omi kọjá lókè odò Wheelock, òkìtì ilẹ̀ ló sì gbé e dé orí afárá ọ̀hún. Òkìtì ilẹ̀ ni kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Kánáàlì tó gba inú kòtò kọjá lè kún ju bó ṣe yẹ lọ, omi kàn máa tàn sórí pápá ni. Èyí tó ga ju ilẹ̀ àyíká lọ kò ní ibi tí omi lè tàn sí, àfi kó ṣubú.

Ohun tí lọ́ọ̀kì ń ṣe

Iyàrá omi ni lọ́ọ̀kì. Òkúta tàbí bíríkì ni ògiri rẹ̀ lápá méjèèjì, ilẹ̀kùn wà lókè, ilẹ̀kùn wà nísàlẹ̀. Irú èyí tó wà lórí ẹ̀ka yìí ni wọ́n ń pè ní lọ́ọ̀kì tóóró: fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7, ọkọ̀ tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70 sì lè wọ̀ ọ́. Omi tó ń jìn nínú lọ́ọ̀kì Stanthorne láti òkè dé ìsàlẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 11, ìyẹn mítà 3.4. Tí a bá fi gígùn, fífẹ̀ àti jíjìn yìí pọ̀, ọkọ̀ kan ṣoṣo tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ yóò gbé nǹkan bíi lítà 160,000 láti òkè wá sí ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀kùn kọ́ ni wọ́n fi ń da omi sínú iyàrá náà. Kò sí apá ènìyàn tó lè ṣí ilẹ̀kùn tí omi ń tì. Pádù ni wọ́n ń lò. Pádù jẹ́ pátákó tàbí irin pẹlẹbẹ tó bo ihò kan, yálà lára ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ tàbí nínú ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tó gba ẹ̀yìn ògiri kọjá. Ọ̀pá kan so ó mọ́ irin eléyín tó dúró lókè. Ènìyàn á ki ọwọ́ irin bọ ẹnu ẹ̀rọ náà, á yí i, irin eléyín á gòkè, pádù á gbéra kúrò lójú ihò, omi á sì wọlé. Ìkọ́ kékeré kan ló ń há sáàárín eyín irin náà kí pádù má bàa já bọ́ padà. Ẹ ṣàkíyèsí ìkọ́ yẹn dáadáa: iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi pádù sílẹ̀ ní ṣíṣí kí ọwọ́ ènìyàn lè sinmi. Tí ènìyàn bá wá gbàgbé, ìkọ́ náà kò níí gbàgbé ní tirẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Tí òkè bá ṣí, ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ tì. Tí ìsàlẹ̀ bá ṣí, òkè gbọ́dọ̀ tì. Kò sì sí ẹ̀rọ kankan nínú lọ́ọ̀kì tó ń fi ipá mú ènìyàn pa òfin yìí mọ́, nítorí wọn kò so pádù òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Ní ayé àtijọ́ olùṣọ́ lọ́ọ̀kì ló ń dúró tì wọ́n. Lónìí, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kánáàlì tóóró, ìbáà jẹ́ ẹni tó ti ń wa ọkọ̀ láti ogún ọdún, ìbáà jẹ́ ẹni tó yá ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n sì fi àárọ̀ ọjọ́ kan kọ́.

Nígbà tí méjèèjì bá ṣí

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tí pádù bá ṣí lójú méjèèjì, omi yóò máa pariwo, ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá yóò sì mọ̀. Kì í rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì, nítorí omi ṣì ń tì wọ́n. Láti òkèèrè, lọ́ọ̀kì náà dà bí èyí tí kò ní ìṣòro. Àmì tó wà ni pé omi inú iyàrá náà kò bá ti òkè dọ́gba, kò sì bá ti ìsàlẹ̀ dọ́gba. Ó dúró sáàárín, ó ń ru díẹ̀díẹ̀, kò gòkè, kò sì lọ sílẹ̀. Ẹni tó mọ lọ́ọ̀kì á ti mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tó ń mú ajá rẹ̀ rìn lórí ọ̀nà ẹṣin tó wà létí omi lè wò ó kó sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àfojúwọ̀n la fẹ́ lò níbí, kì í ṣe ìwọ̀n tí wọ́n mú ní Middlewich. Ká ní pádù kan ṣoṣo ló ṣí lókè, ọ̀kan ṣoṣo nísàlẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 lọ́nà méjèèjì. Omi inú iyàrá yóò dúró ní ìdajì, nítorí náà ìwọ̀n omi tó ń ti ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.7. Omi yóò máa yára kọjá ní nǹkan bíi mítà 5.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ nítorí pé omi máa ń sún kì bó ṣe ń gba ẹnu ihò, ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ihò náà ló ń lò ní tòótọ́. Èyí jẹ́ nǹkan bíi lítà 550 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tàbí mílíọ̀nù méjì lítà ní wákàtí kan. Ọkọ̀ 12 tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan ló lè gbé irú omi bẹ́ẹ̀ wá, ọkọ̀ 12 kò sì lè rí àyè kọjá nínú lọ́ọ̀kì kan láàárín wákàtí kan. Tí pádù bá jẹ́ méjìméjì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Omi kò sì ń sùn lóru.

Ibo ni omi náà ń lọ? Sínú abala tó wà nísàlẹ̀, ìyẹn omi tó wà láàárín lọ́ọ̀kì kan àti èyí tó tẹ̀ lé e. Abala òkè lọ́dọ̀ Stanthorne gùn jìnnà, nítorí náà ojú omi rẹ̀ rọra ń wá sílẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n so síbẹ̀ lè máà fura fún wákàtí púpọ̀. Ti ìsàlẹ̀ kúrú. Abala tó gùn ní máìlì kan, tó sì fẹ̀ ní mítà 10, ní ojú omi tó tó mítà 16,000 níbùú lóròó. Tí mílíọ̀nù méjì lítà bá wọ inú rẹ̀ ní wákàtí kan, ojú omi yóò fi sẹ̀ǹtímítà 12 gòkè. Orí òkìtì ilẹ̀ kì í sábà ga ju omi lọ púpọ̀. Tí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, kò níí pé wákàtí mẹ́ta tí omi á fi dé orí rẹ̀.

Lóòótọ́, kánáàlì ní ọ̀nà àbùjá fún omi tó bá pọ̀ jù. Ẹ̀gbẹ́ lọ́ọ̀kì ni kòtò kan máa ń gbà, tó ń kó àjẹkù omi láti abala òkè lọ sí ti ìsàlẹ̀ láìgba inú iyàrá. Àwọn ibòmíràn sì ní ògiri kúkurú tí omi lè ré kọjá lọ sínú odò. Àmọ́ òjò àti ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fojú sùn nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn. Wọn kò fojú sùn pádù tó ṣí láti ìrọ̀lẹ́ títí di àárọ̀.

Bí ilẹ̀ ṣe ń já

Inú kánáàlì ni amọ̀ wà. Amọ̀ tí wọ́n pò pẹ̀lú omi, tí wọ́n sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí omi kò fi lè gbà á kọjá, ni àwọn ará ìgbà Telford fi bo ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ inú. Ẹ̀yìn òkìtì náà, tó kọjú sí odò, kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni, koríko ló bò ó.

Nígbà tí omi bá kún dé orí, ibi tó bá lọ sílẹ̀ jù lọ ló ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n ìka méjì péré. Ó ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn òkìtì, ó ń fa koríko tu, ó ń gbẹ́ kòtò tínńrín ní ìdí. Kòtò náà ń jẹ ilẹ̀ gòkè padà sí ọ̀dọ̀ kánáàlì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọjọ́ tí kòtò náà bá dé etí omi ni ẹnu rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí ẹnu bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń pọ̀ sí i, bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹnu ń fẹ̀ sí i. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ni. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé bèbè kàn já lójijì, nígbà tí ó ti ń já láti wákàtí mélòó kan.

Ibi tí òkìtì ti pàdé ògiri òkúta afárá omi jẹ́ ibi tí àwọn tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ wò. Ilẹ̀ ń rì díẹ̀ lọ́dọọdún, òkúta kò rì, àárín wọn ni omi sì máa ń wá ọ̀nà sí.

Ohun tó tẹ̀ lé e

Tí abala kan bá gbẹ lójijì, ohun àkọ́kọ́ ni láti ti gbogbo pádù tó wà lókè rẹ̀. Èkejì ni pákó ìdínà. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ afárá àti létí lọ́ọ̀kì, àwọn tó kọ́ kánáàlì fi ihò gbọọrọ sílẹ̀ lára ògiri lápá méjèèjì. Pákó nípọn ni wọ́n ń ki sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀ wá sókè, títí yóò fi di ògiri. Jíjò díẹ̀ á ṣì wà láàárín pákó; àwọn òṣìṣẹ́ máa ń da eérú tàbí igi gbígbẹ tó ti di ìyẹ̀fun sínú omi, kí ó fà á wọ àwọn àlàfo náà kó sì dí wọn. Ẹja náà kò gbọ́dọ̀ di ìgbàgbé: àwọn tó kù sínú ọ̀gọ̀dọ̀ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ sí omi mìíràn.

Ọkọ̀ tó jókòó sórí ẹrọ̀fọ̀ ní ewu tirẹ̀. Ìsàlẹ̀ irú ọkọ̀ tóóró yìí tẹ́jú, nítorí náà tí ó bá bọ́ sáàárín kánáàlì, ó lè jókòó dáadáa. Tí ó bá wà létí, apá kan á gun bèbè, apá kejì á dagun. Ẹni tó fi okùn so ọkọ̀ rẹ̀ gírígírí lè bá a níbi tí okùn ti gbé e kọ́. Ìgbà tí omi bá ń padà bọ̀ gan-an ló yẹ kí ènìyàn bẹ̀rù jù: ẹrọ̀fọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí ọkọ̀ tó dagun kò bá wá tètè gbéra, omi lè dé ihò afẹ́fẹ́ tàbí ihò tí wọ́n ń gbà da omi nù kó sì kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dá omi padà díẹ̀díẹ̀, tí ẹnì kan sì ń dúró ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan láti mì ín tàbí láti dí ihò rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ọ̀nà tó tì ní Middlewich kì í ṣe ojú ọ̀nà kékeré. Ẹ̀ka yìí jẹ́ ara òrùka omi tí wọ́n ń pè ní Four Counties Ring, máìlì 110 tó ní lọ́ọ̀kì 94. Ẹni tó wà ní Barbridge tó sì fẹ́ dé Middlewich, dípò máìlì 10 àti lọ́ọ̀kì mẹ́rin, ó ní láti yí gbogbo ìyókù òrùka náà po: máìlì 100, lọ́ọ̀kì 90. Ní gbogbo àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn arìnrìn-àjò máa ń yá ọkọ̀ ni èyí sì bọ́ sí.

Títún òkìtì kọ́ kì í ṣe kí wọ́n kàn da ilẹ̀ sínú ihò. Wọ́n ń gé ilẹ̀ àtijọ́ ní àtẹ̀gùn kí tuntun lè há mọ́ ọn, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀ ní ìpele ìpele, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wúwo tẹ ìpele kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tẹ́ òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ààbò omi inú. Amọ̀ àtijọ́ tó ṣẹ́kù ní abala tó gbẹ tún jẹ́ wàhálà mìíràn: tí oòrùn bá pa á fún oṣù púpọ̀, ó ń sán, lọ́jọ́ tí omi bá sì padà, àwọn ojú sísán náà ló ń jò.

Bí a ṣe ń rí i pé pádù tì

Kì í ṣe àìbìkítà nìkan ló ń fi pádù sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ọ̀nà mẹ́ta mìíràn wà, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lo lọ́ọ̀kì mọ̀ wọ́n.

Èkíní ni igi tó há. Ẹ̀ka igi tàbí bíríkì kan bọ́ sábẹ́ pádù, irin eléyín kò sì wálẹ̀ tán. Ẹ ka eyín tó yọ lókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún kà á nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Tí ó bá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ tún pádù náà gbé sókè kí omi fi agbára gbé ìdọ̀tí náà jáde, kí ẹ wá yí i wálẹ̀ padà.

Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọ̀pá tó so pádù mọ́ irin eléyín ti já. Irin á gòkè, irin á wálẹ̀, ojú á rí i pé ó tì, pádù kò sì kúrò níbi tó wà. Ọwọ́ ni ènìyàn fi ń mọ èyí, nítorí ẹ̀rọ á fúyẹ́ jù. Tí ó bá fúyẹ́ lọ́nà tí kò yẹ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, ẹ wo omi tó ń jáde, kí ẹ sì pe àwọn tó ni kánáàlì.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí a rò pé ó ń ṣe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ọkọ̀ kan dé, ó bá abala ìsàlẹ̀ tí omi rẹ̀ kéré, kò lè léfòó. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n ṣí pádù òkè àti ti ìsàlẹ̀ pọ̀ kí omi lè ṣàn gba inú lọ́ọ̀kì kọjá. Ó ń ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ kánáàlì fúnra wọn ń ṣe é. Àmọ́ iṣẹ́ tí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró tì ni, títí dé ìgbà tí pádù tó kẹ́yìn bá wálẹ̀. Ẹni tó bá lọ po tíì lásìkò yẹn ti fi kánáàlì sílẹ̀ fún ìkọ́ kékeré ọjọ́sí.

Yíyí ni kí ẹ yí pádù wálẹ̀, ẹ má jù ú sílẹ̀. Jíjù ń fọ́ eyín irin, ó sì ń tẹ ọ̀pá. Ẹ má fi ọwọ́ irin sílẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí tí ìkọ́ bá yọ, ó lè fò jáde kó ṣá ènìyàn. Tí ẹ bá ti jáde tí ẹ sì ti ilẹ̀kùn, ẹ rìn dé orí àti ìdí lọ́ọ̀kì, kí ẹ sì wo gbogbo pádù, títí kan èyí tí ẹ kò fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì kí ẹ wo omi inú iyàrá. Tí ó bá ń lọ díẹ̀díẹ̀ sọ́nà òkè tàbí ìsàlẹ̀, jíjò ilẹ̀kùn ni, ó wọ́pọ̀. Tí ó bá dúró sójú kan láàárín, tí ó sì ń ru, ẹ padà lọ wo pádù.